Ẹran Itan Màmá Adépọ̀jù

Ọjọ́ Ajé, 3 Ẹrẹ́nà 2008
Mówè. Ọjọ́ kìíní mi ní ilé ìwòsàn tí ilé-ẹ̀kọ́ fi mí sí láti kọ́ iṣẹ́ físíò, ìtọ́jú iṣan àti eegun. Láti Ṣakí dé ibí, n kò mọ ẹnì kan. Fèrèsé kan ni yàrá mi ní Ìbàfò ní — ògiri ẹlòmíràn ló kọjú sí.
Dókítà Ògúnlàdé (mo ti sọ ọ́ ní Onígíláàsì) fi ẹ̀rọ sikáànì kékeré kan hàn mí, irú tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aláboyún. Itan àwọn arúgbó la ó máa fi wò lórí ibùsùn wọn, ká lè mọ̀ bí ẹran bá ń joro níbẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kọ̀ wọ́n. Ó ní, "Má tẹ̀ ẹ́ o. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ẹran á di pẹlẹbẹ, ẹ̀rọ á parọ́."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Màmá Adépọ̀jù, ará Ìfọ̀. Òtútù àyà ló gbé wọn wá. Bí ẹ̀rọ ṣe kan itan wọn báyìí: "Ọmọ yìí, ṣé itan mi ló lóyún ni?"
Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Èmi náà. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo dé.

Ọjọ́bọ̀, 6
Màmá ní kí n wá jẹun. Mo ní mo ti yó. "Ta lò ń parọ́ fún? Wo eegun ọrùn rẹ." Àgbà kì í na oúnjẹ síni ká kọ̀ ọ́. Mo kúnlẹ̀ gbà á. Ẹ̀bà àti ilá. Ọmọ wọn, Àǹtí Stella, ló ń gbé e wá láti Akute. Mo ń jẹ, Màmá ń sọ̀rọ̀ ilé wọn ní Ìfọ̀, bí wọ́n ṣe ń dá gbé ibẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í pàṣẹ fún wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Àwọn tó ń lọ ṣe ìpàdé àdúrà ní Camp dí títì pa. Mo fẹsẹ̀ rìn dé Ìbàfò. Gbogbo èrò yẹn, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mi.

Ọjọ́ Ajé, 10
Mo jẹun lọ́dọ̀ Màmá. Ìrẹsì.

Ọjọ́rú, 12
Mo tún wọn itan Màmá. Ẹran ti fẹ́lẹ́ sí i. Onígíláàsì ní, "O tẹ̀ ẹ́." Mo da jẹ́ẹ̀lì púpọ̀ sí i, mo jẹ́ kí ẹ̀rọ léfòó lórí rẹ̀ bí ewé lórí omi. Bákan náà. Ó wò ó fúnra rẹ̀ — ó kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀.
Àǹtí Stella ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ, òfìfo ni abọ́ ń padà wálé. Onígíláàsì ní a jẹ́ pé àrùn kan ló fara pamọ́. Wọ́n á gbé Màmá lọ sí Abẹ́òkúta fún àyẹ̀wò. Ẹ̀rù ba Màmá. Wọn ò wojú mi.
Èmi ló ń jẹ oúnjẹ náà.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo kọ oúnjẹ. Màmá fà mí sún mọ́ra. Wọ́n ní láti ìgbà àìsàn yìí ni oúnjẹ ti ń korò lẹ́nu àwọn. "Bí abọ́ bá padà tòun toúnjẹ, Stella á ní mi ò lè dá gbé mọ́. Á kó mi lọ Akute. Bá mi jẹ ẹ́, ọmọ Ṣakí. Jọ̀ọ́."
Jọ̀ọ́. Àgbà sí ọmọdé. Mo jẹ ẹ́. 

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Mo sọ fún Onígíláàsì pé èmi ló ń jẹ oúnjẹ Màmá, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Àǹtí Stella.

Ọjọ́ Ajé, 17
Oògùn fún ẹnu kíkorò. Ẹyin. Ògì oní-mílíìkì. Dídìde àti jíjókòó lórí àga. Àǹtí Stella ń jókòó ti Màmá títí wọ́n á fi jẹun tán. Bí mo bá gbé ẹ̀rọ dé, Màmá á na itan sí mi, wọ́n á kọjú sí ògiri.

Ọjọ́rú, 2 Igbe
Ẹran itan ti ń kún padà. Màmá dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Onígíláàsì ní ọwọ́ mi fúyẹ́, ojú mi sì mú. Kò sí ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta mọ́. Ṣùgbọ́n Akute ni Màmá ń lọ; Àǹtí Stella ti fi ayálégbé sí ilé Ìfọ̀.
Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Màmá gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n èmi ló yẹ kó o kọ́kọ́ sọ fún pé o fẹ́ sọ ọ́."
Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà nígbà tí mọ́tò bọ́ sí títì.