Òdo Mẹ́ta fún Ọmọ Igi

                                        Yàrá Òkè,
                                        Ilé Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ọgbà Ọmọ Igi.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ìbejì ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́, ṣé ó ti gbà ọ́ láyè? Ara tèmi le, ọkàn mi nìkan ni kò tíì délẹ̀. Jókòó, kí n rò fún ọ.

O mọ ọgbà onígíláàsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ igi. Láàárọ̀, ìkùukùu máa ń bo gíláàsì, omi á máa kán lára ewé, á wá dà bíi pé àlá ni mò ń rìn kọjá nínú rẹ̀. Màmá Ọlọ́gbà ló ń tọ́jú ibẹ̀ láti ogún ọdún. Wọ́n máa ń bá àwọn igi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ń ro wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé nọ́ńbà kúrú nínú àkọsílẹ̀ wọn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọmọ igi, 4k ni wọ́n máa kọ. Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka àkọsílẹ̀ náà, tó sì ń sọ fún ẹ̀rọ bí omi ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe máa pọ̀ tó.

Mo pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n. Mo ní kí ètò náà yọ k kúrò, kó fi òdo mẹ́ta dípò rẹ̀. 4k di 4000, mo rẹ́rìn-ín, mo lọ jẹun. Mi ò dán nọ́ńbà tó ní àmì ìdá (.) láàárín wò. Ọ̀rẹ́ mi, 2.5k di 2.5000! Igi méjì àbọ̀! Omi igi méjì àbọ̀ ni ẹ̀rọ fún ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ ọmọ igi, títí ìlà náà fi rọ. Màmá ní ilẹ̀ gbẹ. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ní ẹ̀rọ kì í gbàgbé, èèyàn ló ń gbàgbé, pé Màmá ló kọ nọ́ńbà ṣì, pé ogbó ti dé, kí Màmá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lópin oṣù.

Ìjẹta ni mo rí àṣìṣe mi. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi tí mi ò dà á ńkọ́? Mo tún ètò náà ṣe: kó gba nọ́ńbà náà pẹ̀lú àmì rẹ̀, kó tó sọ ọ́ di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Ó ní Màmá kò lọ síbì kankan mọ́, ṣùgbọ́n èmi ni n ó máa fi garawa pọnmi sí ìlà yẹn títí ara rẹ̀ á fi yá.

Nígbà tí mo gbé garawa débẹ̀, mo rí ìwé Màmá. Wọ́n ti ń kọ gbogbo òdo síta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọ́ wúruwùru. Wọ́n rò pé gígé tí àwọn gé nọ́ńbà kúrú ló pa igi lára. Omijé bọ́ lójú mi.

Mo ní, "Màmá, ẹ má kọ òdo kankan mọ́. Ẹ̀bi mi ni."

Màmá ní, "Ó dáa. Àmọ́ kí o máa kí àwọn ọmọ igi náà kí o tó kà wọ́n."

Àwọn igi ti ń gbórí sókè díẹ̀díẹ̀. Bá mi kí ìyàwó, sì gbé àwọn ìbejì sókè fún mi. Láti àná ni mo ti ń kí ọmọ igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti kí igba. Ó ku ẹgbẹ̀rún méjì lé ọ̀ọ́dúnrún.

Èmi ni, tìrẹ bíi ti àtijọ́,
Alálàá-Ọ̀sán, orúkọ tí o fún mi.