Ojú Tó Wà Lára Pósítà Yín Kì í Ṣe Ojú Àbúrò Mi

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Ẹ̀yìn Ilé Ìfowópamọ́,
Òpópónà Kẹrin.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtẹ̀wé,
Ilé Iṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFẸ̀HÓNÚHÀN LÓRÍ ÀWÒRÁN ÀBÚRÒ MI TÓ SỌNÙ, TÍ Ẹ̀KA YÍN YÍ PADÀ KÍ WỌ́N TÓ TẸ̀ Ẹ́

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi kọ ìwé yìí, bí inú tilẹ̀ ń bí mi. Àbúrò mi ọkùnrin, káfíńtà tí àdúgbò ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, lọ ṣe ilẹ̀kùn fún oníbàárà kan ní ìlú mìíràn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Mo máa ń bínú sí òwe yẹn tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ó ti yé mi.

Àbúrò mi kì í fẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo tí a ní látìgbà tó ti dàgbà ni èyí tí mo yà lójú fóònù mi nígbà tí a ń fi fídíò bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó ń fi yàrá tó gbà hàn mí, ó ń fi bẹ́ẹ̀dì tó kéré jù fún un ṣẹ̀fẹ̀, mo sì tètè tẹ fóònù kí ẹ̀rín yẹn má baà lọ. Èjí rẹ̀ hàn níbẹ̀, àti àpá tí páńkó dá sí i lókè ojú òsì. Àmì méjèèjì yìí ni gbogbo ayé fi ń dá a mọ̀.

Mo gbé fóònù náà wá sí káńtà yín. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ fi ọ̀yàyà gbà mí. Ó ní òfin ẹ̀ka yín ni pé àwòrán tí ẹ máa tẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀ọ́dúnrún àmì tóótòòtó, àwọn ẹ̀kán kékeré tó ń para pọ̀ di àwòrán, nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan, pósítà ẹni tó sọnù sì gbọ́dọ̀ kún abala ìwé. Tèmi kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí àwòrán ojú fóònù kò lè ní ju iye àmì tí ojú fóònù náà ní. Ó kọ nọ́ńbà òfin yín sínú ètò àtúnṣe àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, ó ní kí ètò náà wá èyí tó kù. Ètò náà kò ríbi wá a, ló bá dá a ṣe fúnra rẹ̀. Ó dí èjí. Ó ka àpá sí ìdọ̀tí, ó nù ún kúrò. Ó mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ká ní wọ́n kó àwọn àmì tó wà níbẹ̀ súnmọ́ra, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní kékeré, kò ní ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n àbúrò mi ni ì bá jẹ́.

Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ káàkiri, mo padà wá gba àwòrán mi. Ibẹ̀ ni omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Akọ̀wé yín kò ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ṣe ló gbé e kúrò nínú fóònù mi sínú kọ̀ǹpútà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ́fíìsì yín kí fáìlì má baà di méjì. Nígbà tó ṣàtúnṣe tán, ó fi èyí tuntun pamọ́ lé ti àkọ́kọ́ lórí, ti àkọ́kọ́ sì pa rẹ́. Ó wo kọ̀ǹpútà títí, ó wò mí, ó ní kí n má bínú, òun rò pé òun ń bá mi tún un ṣe ni. Mi ò lè bú u. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni.

Pósítà yín rí ènìyàn o. Wọ́n pè mí láti ìlú kan pé àwọn ti rí i, mo pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì, mo wọkọ̀ lọ. Ọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan. Ojú rẹ̀ bá ti pósítà mu rẹ́gí: kò léjìí, kò ní àpá. Ó ní àwọn èèyàn ti fẹ́ fi tipátipá mú òun lọ sílé tí kì í ṣe tòun, kí n jọ̀ọ́ bá òun ká ìwé yẹn kúrò lára ògiri. Mo sunkún níwájú ẹni tí mi ò mọ̀ rí.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa wò ó bóyá àwòrán àkọ́kọ́ ṣì kù síbì kan. Àwọn tí mo bi ní kò lè sí mọ́, èmi náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ retí rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ká gbogbo pósítà náà kúrò, pàápàá ti ògiri ilé ìwòsàn, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ ni ìyá wa ń gbà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́, ìyá wa ń sọ pé èyí kì í ṣe ọmọ òun. Nígbà tó yá, ó ń dúró wò ó. Lánàá, ó kí i, ó fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀, ó wá bi mí pé ṣé àbúrò mi tilẹ̀ léjìí rí. Mo ní ó léjìí. Ó ní kí n fi hàn òun.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí kò mọ ibòmíràn tí yóò kọ̀wé sí,

Aránṣọ Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ẹ̀gbọ́n ẹni tí à ń wá.