Dìgírì Mọ́kàndínlógójì Lára Bàbá Rẹ

Ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara àwọn ọmọ le? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bọ́, ẹsẹ̀ tó o fi ń jáde nílé náà ni wàá máa fi wọlé. Àwa náà wà, òjò ṣí òrùlé ilé ìdáná díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá rẹ jí, ara wọn gbóná bí ògiri tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀, síbẹ̀ wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ní òtútù ń mú àwọn. Mo ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Ó dé, ó ki ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ abíyá wọn, nígbà tó yọ ọ́ ó ní dìgírì mọ́kàndínlógójì ni. Mo ní bóyá ó ṣì í kà, torí bàbá rẹ kò kọjá ìwé mẹ́fà, ìwọ tó o lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, ẹyọ dìgírì kan ni wọ́n fún ọ. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ara ṣe gbóná tó ni ìgò náà ń wọ̀n, pé mẹ́tàdínlógójì ló yẹ kó jẹ́. Mo ní ṣé torí méjì péré lojú ẹ̀ ṣe le báyìí. Ó ní nínú ara èèyàn méjì kì í ṣe kékeré, kí n tètè wá omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí a ó fi nù wọ́n lára.

Mo gbé ìkòkò tó tóbi jù nínú ilé kaná, mo pọnmi kún un dé ẹnu, torí àgbà kọ́ là ń fi omi inú ife nù lára. Mo fẹ́ná títí, omi ò mira. Nọ́ọ̀sì jáde wá, ó bu díẹ̀ sínú abọ́ irin kékeré, ó gbé e sórí iná kan náà, kí n tó wẹ̀yìn ó ti ń hó. Mo ní iná yìí ń ṣojúsàájú. Ó ní Màmá, búrẹ́dì tó yó ọmọ méjì kò lè yó ogún, omi tó bá pọ̀, ẹnu tó ń jẹ ooru náà pọ̀. Ó tún ní omi fúnra ẹ̀ lágídí, pé ká gbé òróró tó wúwo bákan náà síná, òróró á ti gbóná ṣáájú. Láti ogójì ọdún tí mo ti ń dáná, mo rò pé òróró kàn máa ń tètè bínú ni.

Ó da omi híhó náà sínú omi tútù, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fún wọn lóògùn, a sì ń nù wọ́n. Mo di ẹsẹ̀ wọn mú. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, ìgò ní mẹ́tàdínlógójì àti ààbọ̀. Mo ní ká fi ààbọ̀ yẹn sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n má lọ tutù jù.

Bàbá rẹ ní kí n má sọ fún ọ, nítorí náà o ò gbọ́ nǹkan kan. Jọ̀ọ́, fowó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ìkòkò kékeré tó ní ìdérí. Ra irú ìgò nọ́ọ̀sì yẹn fún wa níbẹ̀, ṣùgbọ́n má ra èyí tó ń kà dé ogójì o, èyí tó bá parí sí mẹ́tàdínlógójì ni kó o rà.

Ọlọ́run á fi ìlera bò ọ́ mọ́lẹ̀, ìwọ àti ilé rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.