Ta Ló Ń Gba Owó Tẹ́tẹ́ Bàbá Mi?

Ìyáàfin Zornitsa, ẹ kú iṣẹ́ ètò. Àwa ará ìlú Plovdiv ń gbọ́ yín ketekete lórí rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Bàbá mi kì í dúró de òpin nǹkan kan. Níbi ìgbéyàwó mi, wọ́n ti lọ kí a tó gé kéèkì. Tí wọ́n bá ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù, wọ́n á ti gba owó wọn kí eré tó parí. Oṣù tó kọjá ni wọ́n kú. Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lórí ẹni tí yóò gba ife-ẹ̀yẹ ló ṣẹ́kù, ní ilé tẹ́tẹ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Àìkú, fóònù wọn dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife ọtí rakíà tí màmá mi ṣì ń bù fún wọn. Ilé tẹ́tẹ́ kìíní ló kọ̀wé: "Ẹ ti gba owó yín."

"Bàbá ẹ nìyẹn," ni màmá mi wí.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ilé tẹ́tẹ́ yẹn máa ń san án fúnra rẹ̀ tí owó bá ti dé iye tí èèyàn ti yàn sílẹ̀.

"Ìkejì ńkọ́, ọ̀mọ̀wé?"

Mo ka òfin ìkejì: àfi kí ìka èèyàn tẹ bọ́tìnnì. Mi ò tíì kà á tán tí fóònù tún fi dún. Ọwọ́ àwa méjèèjì wà lórí búrẹ́dì.

Ilé kẹta kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó ṣáájú. Dandan ni kéèyàn dúró. Sátidé tó ń bọ̀ ni àṣekágbá, ọjọ́ náà gan-an ni yóò pé ogójì ọjọ́ tí bàbá mi kú, ọjọ́ tí wọ́n ní ẹ̀mí òkú máa ń fi ilé sílẹ̀. Màmá mi ti nu àga wọn.

"Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá ẹ á dúró. Wá jókòó ti àwa méjèèjì."

Ẹ̀yin olùgbọ́, ọmọ bàbá mi ni mí. Ṣé kí n dúró, àbí kí n kúrò kí eré tó parí?