Aṣọ Tí Mo Fi Bo Tábìlì Kọ̀ǹpútà Rẹ

Ọ̀gá Wáyà, ọmọ mi,

Kí o tó pariwo, kọ́kọ́ jókòó ná. Èmi ìyá rẹ ni mo ṣe é.

Tábìlì kékeré méjì tí o rà ní ẹ̀dínwó, tí o tò léra wọn ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, tí o wá fi súkúrú de àwọn kọ̀ǹpútà rẹ mọ́ ẹsẹ̀ wọn, mo gbà pé ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n tábìlì kì í wà níhòòhò nílé mi. Bí mo ṣe jí láàárọ̀ yìí, mo mú aṣọ olódòdó tí mo fọwọ́ rán, mo fi bò wọ́n látòkè délẹ̀. Ó rẹwà!

Kí n tó wẹ̀ tán, nǹkan ti ń han goooro lábẹ́ aṣọ. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Mo ṣí aṣọ kúrò, mo ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ẹ bí ọmọ tí ibà ń ṣe, títí ó fi dákẹ́. Àbúrò rẹ kàn dúró síbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Bá mi bá a wí.

Má bínú. Jọ̀ọ́, yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àwọn fọ́tò olóògbé bàbá rẹ ṣì wà nínú rẹ̀, pàápàá fídíò tó ti gbé korobá lérí tó ń jó.

Mo ti lọ ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ náà wà lórí àga. Mo ti gé ihò sí i níbi tí fáànù kọ̀ǹpútà rẹ wà, mo sì ti ṣẹ́ etí rẹ̀. Tẹ́ ẹ padà. Bàbá rẹ ò gbé ilé tí tábìlì ti wà níhòòhò rí, kò ní bẹ̀rẹ̀ báyìí tó jẹ́ inú kọ̀ǹpútà rẹ ló ń gbé.