Ìpara Ewé Òkun ti Màámi

Ojúlé kẹrin,
Ọ̀nà Èbúté,
Ìjẹ̀dẹ́, Ìkòròdú.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, 2026.

Ummusalamah, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

“Táyọ̀, bọ́ fìlà yẹn! Ta ló máa ra ìpara oòrùn lọ́wọ́ ẹni tó ń bo ọmọ ẹ̀ bí ẹ̀kọ tútù?”

Ohun tí Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo nìyẹn. Mo kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, kí n má bàa rò lọ́la pé mo purọ́ mọ́ wọn. Má bínú pé mi ò kọ́kọ́ kí ọ. Ṣé ara rẹ le? Ìyá rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá àgbà yín, ṣé ó ti rọlẹ̀? Àwa náà wà níbí, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Màámi máa ń yẹ fóònù mi wò, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé.

O mọ̀ pé àfín ni Táyọ̀ àbúrò mi. Láti kékeré ni nọ́ọ̀sì ti ní kó máa wọ fìlà àti aṣọ alápá gígùn. Lọ́dún tó kọjá, Màámi rí i nínú fídíò kan pé ewé kan wà nínú òkun tí oòrùn kì í pa, pé wọ́n ń lọ̀ ọ́ mọ́ ìpara kó lè dáàbò bo ara. Màámi wá ń ra èyí tó ti gbẹ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń gbé e wá láti etí òkun, wọ́n ń pò ó mọ́ òrí àti òróró àgbọn. Nítorí Táyọ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, mi ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń wá a rà.

Nígbà tó yá, ọkùnrin yẹn ò wá mọ́. Ni Màámi bá gbé korobá fún mi pé kí n lọ gbọ́n ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀, tó bo ojú omi lẹ́yìn èbúté. Mo ní, “Màámi, ọ̀sà lèyí, òkun ni wọ́n sọ nínú fídíò.” Wọ́n wò mí látòkèdélẹ̀. “Ìwọ tí o ò ka ìwé kọjá kíláàsì kejì ní girama, o fẹ́ wá kọ́ mi. Ṣé ọ̀sà ò ń ṣàn lọ sínú òkun ni?” Mo gbé korobá, mo lọ. Ṣebí ó ń ṣàn lọ síbẹ̀ lóòótọ́. Èmi náà ni mò ń gbọ́n ọn títí dòní, ọwọ́ mi sì ń yún mi.

Àwọn ike ìpara tó wà lórí pẹpẹ, ìdérí wọn ń dìde fúnra wọn, bíi pé nǹkan ń mí nínú wọn. Tí yàrá bá dákẹ́, mò ń gbọ́ ọ: pọ́, pọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ní ọjà Agric, obìnrin kan gbé ike wa sókè, ó ní, “Ìyá Táyọ̀, tí ìpara yín bá ń lé oòrùn, kí ni fìlà ń wá lórí ọmọ yín?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tú ká. Láti ìgbà náà ni fìlà ti di ọ̀tá nílé wa. Màámi ní ní Sátidé, Táyọ̀ máa jókòó síwájú ìsọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, láìdé fìlà, nínú ẹ̀wù tí ò lápá, kí gbogbo ayé lè rí i.

Egbò kan sì wà lórí etí rẹ̀ òsì. Kò tóbi, àmọ́ tí èèpá rẹ̀ bá ti ṣí, ẹ̀jẹ̀ á yọ, kì í jinná. Màámi ní ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́. Ìpara yẹn náà ni wọ́n fi ń bò ó. Táyọ̀ ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, etí mi ń gbóná bí ìkòkò,” ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Bá mi kí ìyá rẹ àti Yasir àbúrò rẹ. Ìyá Mọ́ṣúdù ẹlẹ́ja tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ yín ló máa fún ọ ní ìwé yìí. Munirah ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ọsibítù, àbí? Má fèsì, kí Màámi má bàa rí i.

Màámi ti ti fìlà mọ́ inú àpótí, àmọ́ mo mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Mo ti pinnu ohun tí màá ṣe kí Sátidé tó dé. Mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnì kankan, títí kan ìwọ. Ṣáà má ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yín lọ́jọ́ Jímọ̀.

Èmi ni tìrẹ, bó ti wù kó rí,
Jọláolúwa.