Eruku Òdòdó Tí Mi Ò Fi Sí Cactus Màmá Ifeoma

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tan opó kan jẹ, ọwọ́ mi yìí náà ni mo sì fi ń ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí pèèjì yìí, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi, torí mo ti bú ara mi títí, kò tán nínú mi…

Aṣọ ni mò ń rán nítòsí Iweka Road. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, àmọ́ Onitsha ni mo bí àwọn ọmọ mi sí. Màmá Ifeoma ló ń gbé ìsàlẹ̀ wa. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ra cactus kan fún un láti Jos, ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún inú ìkòkò yẹn, tó sì fọwọ́ ara ẹ̀ gbìn ín, èmi náà bá lọ ra tèmi. Tó bá yọ òdòdó, ọjọ́ méjì péré ló fi ń là, kò sì lè fi eruku ara rẹ̀ so, àfi ti cactus míì. Kòkòrò kì í sì í dé bákónì wa, ọwọ́ la fi ń ṣe é. YouTube ni mo ti kọ́ ọ. Màá fi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun ojú ìyàwó kó eruku yẹ́lò inú òdòdó tèmi, màá rọra fi pa àárín ti Màmá, màá fi tiẹ̀ pa tèmi. Ojú Màmá ò ríran dáadáa mọ́, èmi ni mò ń ṣe méjèèjì. Àdéhùn wa ni pé èso yòówù tó bá jáde, a ó pín in.

Lọ́dún àkọ́kọ́, tèmi nìkan ló so, èso mẹ́rin. Ni ìyá mi bá kú, mo lọ sílé, mo pẹ́ níbẹ̀. Kí n tó dé, Màmá Ifeoma ti já gbogbo ẹ̀, ó ti gbin irúgbìn ẹ̀, ó ti ń pín ọmọ cactus fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀! Mo bi í léèrè, ó rẹ́rìn-ín níwájú àwọn kọ́sítọ́mà mi, ó ní kí ni àwa Yorùbá ofe mmanu, àwa ọlọ́bẹ̀ elépo, mọ̀ nípa òdòdó. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Èmi! Inú mi ń hó, mo ń rẹ́rìn-ín…

Láti ìgbà yẹn, tí òdòdó bá ti là, màá gbé tèmi sọ̀ kalẹ̀ kó lè rò pé nǹkan ń lọ, màá wá ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú òdòdó tiẹ̀, màá fi eruku ara rẹ̀ náà pa á. Mo mọ̀ pé kò ní so. Á jókòó tì mí, á máa dúpẹ́ pé nne, daalụ, kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ mi. Mo ń ṣe àmín! Òdòdó á rọ, á bọ́. Ó ní bóyá ọkọ òun ló ń bínú sí òun. Ṣé kí n sọ òótọ́? Inú mi máa ń dùn. Ẹni tó já èso mi nígbà tí mò ń ṣọ̀fọ̀ ìyá mi, kó jẹ ìyà díẹ̀ ńbẹ̀.

Òjò ọdún yìí ló wá kó mi sí wàhálà. Tèmi jẹrà tán, mo dà á nù. Tiẹ̀ náà ti ń jẹrà láti ìdí, kò ní pẹ́ kú, àmọ́ ó yọ òdòdó kan ṣoṣo. Àárọ̀ ọ̀la ló máa là. Lánàá ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí òun rí irúgbìn ẹ̀ kó tó kú, torí nǹkan tí ọkọ òun fọwọ́ ara ẹ̀ gbìn tó ṣẹ́kù nìyẹn. Mi ò lè sọ fún un pé tèmi ti kú. Mo ti wá irú ẹ̀ dé Relief Market, dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lọ́nà Ogbunike, kò sí. Àwọn ọmọ tó pín ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Mo ti béèrè. Èyí tí kò kú nínú wọn ò tíì tó yọ òdòdó.

Ẹ má rò pé mo ti di màláíkà o, mi ò tíì dárí jì í. Àmọ́ ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un lónìí, kó mọ̀ pé èmi ni? Àbí kí n tún fi búrọ́ọ̀ṣì pa á lásán lọ́la, kó máa retí? Láàárọ̀ yìí, mo ń kọjá, ó ti ku iyanrìn sínú ìkòkò mẹ́fà, ó tò wọ́n sójú oòrùn, ó bi mí bóyá wọ́n á gba gbogbo irúgbìn ẹ̀. Mo ní wọ́n á gbà á. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n ṣe?